Ẹni Tó Ń Ra Tòkunbọ̀ Kò Lẹ́nu Nínú Ọ̀rọ̀ Ojú Ọkọ̀

Bí a bá ní ká sọ ọkọ̀ lórúkọ, ta ló lè bá wa du ipò kìíní? Honda Accord tó dé ní 2003, End of Discussion la pè é, pé iyàn ti parí, kí ẹlòmíì má wulẹ̀ yọjú. Nígbà tí Honda tún ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe fún 2006, a ní iyàn ò tíì parí, ó bá di Discussion Continues. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 2008, tó fẹ̀, tó sì ń wo èèyàn bí ẹni tó fẹ́ bá a jà, Evil Spirit ló ń jẹ́ títí dòní. Camry náà ní Big Daddy, ó ní Muscle. Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Joju, ní Ọ̀tà níbí, tàbí kí ẹ dúró lábẹ́ bíríjì Sáńgo nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú: ọmọdékùnrin tí kò tíì di sítíárì mú rí yóò sọ ọdún tí ọkọ̀ jáde fún yín, iná ẹ̀yìn nìkan ni yóò wò.

Ọgbọ́n àti ẹ̀fẹ̀ wà nínú àwọn orúkọ yìí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n parun. Ohun tí mò ń bá jà ni ẹ̀tàn tó wà nídìí wọn. A ń sọ̀rọ̀ ojú ọkọ̀ bí ẹni pé àwa la ni ín, bí ẹni pé ẹni tó yà á ń retí ohun tí a máa sọ. Kò sẹ́ni tó ń retí wa. Ẹni tó san owó ọkọ̀ tuntun nìkan ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mọ̀. Accord tí ẹ rà ní Cotonou, ẹnì kan ti fi kó ọmọ lọ sílé ìwé ní Amẹ́ríkà fún ọdún mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ó ti lò ó tó, ó ti tà á, bóyá ó tilẹ̀ ti fi kọlu nǹkan, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Owó tí ẹ san, àwọn oníṣòwò ló pín in láàárín ara wọn. Kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa ya iná iwájú ti ọdún tó ń bọ̀. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa ò wo ilé. Ọmọ ọlọ́mọ la ń sọ lórúkọ.

Ẹ wo àwọn tí ẹnu wọn ń ṣiṣẹ́. Ní 2020 tí BMW gbé gíríìlì gàgàrà sí iwájú M3 àti M4, àwọn olólùfẹ́ BMW fárígá ní Jámánì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà. Ní 2022 tí Mercedes yọ ẹ́ńjìnnì V8 kúrò nínú C63, tó fi ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tó ń bá bátìrì ṣiṣẹ́ rọ́pò rẹ̀, wọ́n tún fárígá. Ẹ lè ní ariwo wọn ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n owó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń bínú wọ̀nyẹn, wọ́n sì lè gbé e lọ bá Audi tàbí Lexus lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fi ń tẹ́tí sí wọn. Nígbà tí Accord tún yí padà fún 2013, tí wọ́n gé e kúrú ju Evil Spirit lọ, tí wọ́n sì yí bí wọ́n ṣe so ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ padà sí irú èyí tí kò gba irin àti owó tó ti tẹ́lẹ̀, àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ jà lé e lórí. Nígbà tí tiwa fi máa dé, ó ti di àlòkù, iyàn ti tútù.

Àfi èyí tí kì í ṣe àlòkù. Ní oṣù Keje 2015, Honda bẹ̀rẹ̀ sí í to Accord yẹn gan-an ní Ọ̀tà, nínú ọgbà tí wọ́n ti ń to alùpùpù láti ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n kéde pé agbára ibẹ̀ tó 1,000 ọkọ̀ lọ́dún. Sédánì tí gbogbo Nàìjíríà ń jiyàn lé lórí wá ń jáde láti ìlú Àwórì, ọwọ́ àwọn ọmọ wa ló ń dè é, ojú ẹ̀rọ wọn ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kí la sọ? N kò gbọ́ orúkọ kankan tí ẹnikẹ́ni sọ ọkọ̀ yẹn nítorí pé Ọ̀tà ni wọ́n ti tò ó. Ohun tí mo gbọ́ ni, “Nàìjíríà ni wọ́n ti tò ó? Kì í ṣe ojúlówó nìyẹn.” Ojúlówó lójú wa ni èyí tó gba Cotonou wọlé, tí ẹnì kan ti dá mítà rẹ̀ padà sẹ́yìn kó lè jọ pé kò rìn púpọ̀.

Inú Ọ̀tà yìí kan náà ni ọ̀nà Ìdí-Ìrókò gbà kọjá. Láti oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọ Nàìjíríà, síbẹ̀ ará Ọ̀tà wo ni kò mọ̀ pé tòkunbọ̀ ò yéé gba ọ̀nà igbó wọlé? Ilé-iṣẹ́ tó ń to tuntun àti ọ̀nà tí àlòkù ń gbà wọlé, ìlú kan náà ló gba méjèèjì lálejò, a sì mọ èyí tí ìlú ń kí káàbọ̀.

Mo máa ń ronú sí ìlú kan ní Ohio tó ń jẹ́ Marysville, nítorí pé bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ jọ ti Ọ̀tà. Alùpùpù ni Honda kọ́kọ́ ń ṣe níbẹ̀ náà, ní 1979. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù Kọkànlá 1982, Accord àkọ́kọ́ jáde ní Marysville. Nígbà tó fi di 1989, Accord ló tà jù nínú gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́ta ni Marysville fi kúrò lórí alùpùpù bọ́ sórí Accord. Ọ̀tà lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ará Ohio kò gbọ́n jù wá lọ, ọwọ́ wọn kò sì yá ju ti ọmọ Ọ̀tà. Wọ́n ń ra ohun tí wọ́n ń ṣe ni. Bí wọ́n ṣe ń rà á ni àwọn tó ń ṣe ìjókòó, gíláàsì, irin àti okùn iná ń kó wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, tí Accord fi di ti wọn. Ọ̀pọ̀ nínú Evil Spirit tó ń kọjá lábẹ́ bíríjì Sáńgo lónìí, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Ohio yẹn ló ti jáde. Àwa là ń bá wọn gbọ́ bùkátà ẹ̀yìn ọjà wọn.

Àwọn kan á ní síkúrúù lásán ni wọ́n ń dè ní Ọ̀tà, pé inú àpótí ni gbogbo ara ọkọ̀ ti wá. Òótọ́ ni. Inú àpótí náà ni ti 1975 ti wá, nígbà tí Volkswagen ṣí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, lọ́nà Àgbádárìgì, tí Peugeot sì ṣí tirẹ̀ ní Kaduna. Beetle, Passat àti Peugeot 504 ni gbogbo ayé rántí. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ọlọ́lá yangàn, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n to Audi 100 ní Ọ̀jọ́ yẹn? Èkó níbí. Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà, Michelin ń ṣe tirẹ̀ ní Port Harcourt, wọ́n sì ríbi tà á. Lẹ́yìn náà ni náírà já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, owó òkèèrè tí wọ́n fi ń ra àpótí wọ́n, tòkunbọ̀ sì ya wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń jókòó sẹ́yìn 504 bọ́ sínú jíìpù. Nígbà tí Michelin pa ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ tì ní 2007, tí Dunlop náà tẹ̀lé e, àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ kò dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀ láti bèèrè ìdí. Wọ́n wà nídìí iyàn pé Muscle àti Evil Spirit, èwo ló dára jù.

Owó ńkọ́? Mo gbà pé Accord tuntun kì í ṣe ohun tí tíṣà lè fowó oṣù rà, tàbí ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Sáńgo. Òṣìṣẹ́ tó ń lo tòkunbọ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ irin àti ike tó kún Ọ̀tà, n kò bá a jà. Ó ń wá bí yóò ṣe délé ni. Àwọn tí mò ń bá wí, owó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń ra C300, wọ́n ń ra Lexus IS, ohun tí wọ́n sì tún ń ná lé e lórí lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n ń gbé e lọ bá pánẹ́bítà pé kó yí ojú rẹ̀ padà. C300 ti 2008 yóò wọ báńpà, gíríìlì àti iná ti 2012, kí àwọn aládùúgbò lè rò pé tuntun ni. Òwò ńlá nìyẹn ti dà báyìí, àwọn tó ń ṣe é sì ń jẹun. Àmọ́ ẹ lọ wo abẹ́ ọkọ̀ náà: ṣọ́ọ̀kì ti kú, búréèkì ti jẹ, táyà ti di pẹlẹbẹ. Ohun tó ń sọ fún éábáàgì pé ọkọ̀ ti kọlu nǹkan, ìdí báńpà iwájú ló sábà ń wà, ibi tí wọ́n ti fi òòlù àti iná jó gan-an nìyẹn. Wọ́n ná owó sí ojú, wọ́n sì fi ẹ̀mí ìyàwó àti ọmọ tó jókòó sínú rẹ̀ tàfàlà.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń pè ní ọlọ́lá yìí gan-an, àmì lásán ni nígbà púpọ̀. Acura TSX tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Amẹ́ríkà ní 2003 bí sédánì kékeré ọlọ́lá, Accord tí wọ́n ń tà ní Jàpáàn àti ní Yúróòpù nígbà náà ni. Wọ́n pààrọ̀ àmì orí bónẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi awọ kún ìjókòó, owó rẹ̀ sì lọ sókè. Ẹni tó bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú Accord Ọ̀tà, tó wá ń forí balẹ̀ fún TSX àlòkù, kì í ṣe olùfẹ́ ọkọ̀. Àmì ló ń bọ.

Olùfẹ́ ọkọ̀ tòótọ́ ní ohun tó yẹ kó bèèrè, Ọ̀tà sì ni ibi tí ì bá ti bèèrè rẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta láti Tóògéètì wọ Sáńgo lásìkò òjò. Ẹ wo ọ̀nà Ìdí-Ìrókò láti Ìyànà Ìyèsí lọ sí Àtàn. Ọkọ̀ tí wọ́n yà fún títì dídán ní Ohio ń fi ikùn wọ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwa là ń ra ti Ọ̀tà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, a lè ní kí wọ́n gbé e sókè sí i, kí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀kì tó lè kojú kòtò, kí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ lè bá oòrùn Sáńgo jà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan fún wákàtí kan gbáko. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ tó wà ní yunifásítì Covenant àti Bells ní Ọ̀tà, tí wọ́n ń jiyàn Mercedes àti BMW mọ́jú, ì bá rí ibi tí wọ́n á ti ya báńpà tí ilé-iṣẹ́ ike tó wà ní ìlú kan náà lè ṣe. Ìyẹn ni iyàn tó lérè. Kò ṣeé jà pẹ̀lú tòkunbọ̀, nítorí tòkunbọ̀ kì í gba àbá.

N kò ní fi ìjọba sílẹ̀. Ètò ọkọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2013 ló mú kí Honda àti àwọn mìíràn ronú láti to ọkọ̀ níbí: owó tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ tuntun tó ti òkèèrè wọlé di ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àpótí ẹ̀yà ọkọ̀ sì kéré. Nígbà tó yá, òfin ìṣúná 2020 gé owó àfikún orí ọkọ̀ tó wà nínú ìdá 70 yẹn wálẹ̀ sí ìdá 5. Ta ló máa kó owó rẹ̀ sí ibi tí òfin kì í ti pé ọdún mẹ́wàá? Ní oṣù Karùn-ún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, tó ń delé de Ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí àṣẹ 003 pé kí iléeṣẹ́ ìjọba máa fi ohun tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ṣáájú nígbà tí wọ́n bá ń rajà. Ọkọ̀ wà nínú ohun tí àṣẹ náà dárúkọ. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kẹwàá 2023, àwọn aṣòfin àpapọ̀ ń gba jíìpù olówó ńlá tó ti òkè òkun wá, wọ́n sì ń wí àwíjàre pé ọ̀nà Nàìjíríà kò dára. Àwọn tó yẹ kó tún ọ̀nà ṣe ló fi ọ̀nà ṣe àwáwí láti pa ilé-iṣẹ́ wa tì.

Nítorí náà, mo ń fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún àti sí alága ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ orúkọ ọkọ̀ dáadáa bá mi bèèrè rẹ̀: nínú gbogbo ọkọ̀ tí ìpínlẹ̀ Ògùn fi owó wa rà láti 2015, mélòó ni wọ́n tò ní Ọ̀tà? Kí wọ́n gbé ìwé rẹ̀ jáde fún wa, kí a kà á.