Ẹni Bí Ọmọ Ọ̀ràn Ní Í Pọ̀n Ọ́n

Bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bá ń sá kúrò ní kíláàsì, tó ń mugbó, tó sì ń bá àwọn ọmọ Yàhúù rìn, ohun tí ẹbí máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ fi í sí bọ́dìn." Àwọn òbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń ṣe é: ẹ̀rù ọ̀bẹ àti ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ á bà wọ́n, wọ́n á mú ọmọ wálé, wọ́n á fi í sílé ìwé, wọ́n á padà. Ìfẹ́ ọmọ ló ń mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. A ti sọ òwe yìí di èébú fún ìyá ọmọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ló ń yàn fún òbí. Ẹni tó pọn ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bí ara ọmọ bá gbóná, ọmọ tó ń yapa sì nílò irú ìsúnmọ́ yẹn ju ẹlòmíràn lọ.

Bọ́dìn fúnra rẹ̀ kò burú. Government College, Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, wà lára ibi tí Wọlé Ṣóyínká ti kàwé. Ṣùgbọ́n ìdánwò ni wọ́n fi ń ṣa ọmọ wọ irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀. Wọn kò dá a sílẹ̀ láti tún ọmọ tó ti yapa ṣe. Olùkọ́ kan ló ń mójú tó ọ̀pọ̀ ọmọ lálẹ́, bí wọ́n bá sì ti paná, àwọn sínọ̀ ló nilé. Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, ìyá á gbé kúlà ìrẹsì àti adìẹ dé, ọmọ á dorí kodò, á máa jẹun. Wọ́n á bi í bó ṣe ń ṣe sí, á ní, "Dáadáa ni, Mà." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mọ́tò ti gbéra, ohun tó ń dà á láàmú kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe tilẹ̀ léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọlọ́pàá kó àwọn ọmọdékùnrin àti ọkùnrin tó lé ní 300 jáde nínú ilé kan ní Rigasa, ní Kàdúná. Wọ́n ti fi ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn òbí ló fi ẹsẹ̀ ara wọn mú ọ̀pọ̀ wọn lọ. Àwọn tó ni ilé náà gbà kí òbí bẹ ọmọ wò lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kí òbí wọ inú ilé. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ènìyàn 259 ni ọlọ́pàá tú sílẹ̀ nírú ibi bẹ́ẹ̀ ní Òjòó, nílùú Ìbàdàn.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igba ènìyàn yẹn ń bá òbí tọ́mọ ni. Wọn kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tó ń dá tọ́mọ, tó ń ṣiṣẹ́ òru, nílò ìrànlọ́wọ́, n kò sì ní bú u bó bá yan bọ́dìn. Bó bá sì jẹ́ pé bàbá tó ń lu ọmọ nílùkulù ni ìdí ọ̀ràn, kí ọmọ kúrò nílé ló dára jù. Ohun tí mo lòdì sí ni kí a gbé ọmọ jìnnà láìtíì mọ ohun tó ń ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún bọ́dìn tàbí ilé àtúnṣe, ẹ ní kí àwọn tó ni ibẹ̀ mú yín dé yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ mú ọmọ yín padà sílé.