Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Kí Ilé Ìwòsàn Alábọ́ọ́dé Máa Yẹ Kíndìnrín Wò Pẹ̀lú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìlú Port Harcourt, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Rivers, ló ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò wọn. Nọ́ọ̀sì yóò we ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá, yóò ka iye tó jáde, wọn yóò sì gba oògùn lọ sílé. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n àbọ̀ iṣẹ́ ni bí ẹnikẹ́ni kò bá wo kíndìnrín aláìsàn náà.

Bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì ni kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ bá ń ga ju 140/90 lọ fún ìgbà pípẹ́, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú rẹ̀ yóò máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìsí ìrora. Kí ẹsẹ̀ tó wú, ọ̀pọ̀ agbára kíndìnrín ti lọ.

Ewu náà pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2024, lórí àwọn ènìyàn tó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Gánà, fi hàn pé nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn ló jogún ẹ̀yà àbùdá APOL1 tó léwu fún kíndìnrín láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Pépà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń rì bọ inú ìtọ̀ yóò fi hàn bí purotéènì bá ń jò sínú rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún creatinine yóò sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa ṣe méjèèjì lọ́dọọdún, kí wọ́n sì yẹra fún àlòjù oògùn ara ríro.

Àwọn kan lè ní owó kò sí. Ṣùgbọ́n òfin ìlera ti ọdún 2014 ti ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé. Ní ọdún 2025, ìjọba dín owó fífọ ẹ̀jẹ̀ kù láti 50,000 Náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan. Èyí dára, ṣùgbọ́n ẹni tó nílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yóò ṣì san 36,000 Náírà.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers pèsè ohun èlò àyẹ̀wò wọ̀nyí sí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí aláìsàn náà sì máa béèrè fún un.