Ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé, tó dá lọ wo sinimá ní ọjọ́ Ìsinmi

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́ títí dé Àjàṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ sọ ọ́ kó lè yé wa. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Àjàṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, pákó, ayùn àti ìṣó ni. Bó bá di ọ̀sán Sátidé, á gbé bàtà bọ́ọ̀lù kọ́ èjìká, ó di pápá. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, tó ti ti Mísà dé, tó ti jẹun ọ̀sán tán, á wọ aṣọ tó mọ́, á wọkọ̀ lọ sí Kútọnù láti lọ wo sinimá. Kò pe ọ̀rẹ́, kò mú àfẹ́sọ́nà dání. Nígbà tó padà dé lálẹ́, ìyá rẹ̀ ní kó jókòó.

"Ọmọ mi, ta ni ẹ jọ lọ?"

"Èmi nìkan ni, Ìyá mi."

"Ìwọ nìkan? Ta ló ń dá lọ wo sinimá? Àbí nǹkan kan wà tí o fi ń pa mọ́ fún mi?"

"Kò sí o, Ìyá mi. Ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò burú. Àwọn baba wa ló ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí ọmọ bá ń dá rìn, ọkàn ìyá kì í balẹ̀. Bàbá ní tirẹ̀ á ní òfò ni méjèèjì: bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ fún un, àti sinimá tí òun fúnra rẹ̀ ń sanwó fún. Ṣé ìmẹ́lẹ́ ni ọmọ yìí ń ṣe? Ṣé ó ti fẹ́ máa ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò láàárín ẹbí? Lójú tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Eré tí a ń fi ìfẹ́ ṣe

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí àwọn Faransé ń lò fún ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù láìgba owó: "amateur". Inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí ni ẹni tó fẹ́ràn nǹkan. Àwa a máa lò ó bí ẹni pé òpè tí kò mọ eré ṣe là ń bá wí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìfẹ́ eré náà gbé jáde kúrò nílé ni.

Ní ìlú Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, wọ́n dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan sílẹ̀ ní ọdún 1867, tó ń jẹ́ Queen's Park. Gbólóhùn tí ẹgbẹ́ náà fi ṣe àmì ara wọn, èdè Látìnì ni wọ́n fi kọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí á ṣeré nítorí eré. Ó lé ní 150 ọdún tí wọ́n fi di ìlànà náà mú, kí wọ́n tó jáwọ́ nínú rẹ̀ ní ọdún 2019. Owó ti wọ bọ́ọ̀lù káàkiri ayé nígbà náà, síbẹ̀ wọ́n ń ṣeré.

Ẹ jẹ́ ká mú òmíràn. Ta ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé nínú ìdíje Ife Àgbáyé? Ará Faransé kan ni, Lucien Laurent lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1930 ni, ní ìlú Montevideo ní Uruguay, nígbà tí Faransé fi àmì ayò 4 sí 1 borí Mexico. Òṣìṣẹ́ ni Laurent ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Peugeot ní ìlú Sochaux. Ọkọ̀ ojú omi ló bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀ lọ sí òkèèrè. Ọdún 1932 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù bí iṣẹ́ olówó oṣù ní ilẹ̀ Faransé. Nítorí náà, ẹni tó la ọ̀nà fún gbogbo àwọn tí à ń pariwo orúkọ wọn lónìí, òṣìṣẹ́ bíi káfíńtà wa yìí ni.

Kí ni ọmọ ń rí nínú rẹ̀? Ó ń rí ẹlẹgbẹ́. Ẹni tí ọ̀gá ń jágbe mọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní ọ̀sán Sátidé, ènìyàn mẹ́wàá ń retí kó fún wọn ní bọ́ọ̀lù. Bó bá dá a gbá fún ara rẹ̀ nìkan, wọ́n á gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí adájọ́ eré bá fọn fèrè, á gba ìdájọ́ náà, bó tilẹ̀ dùn ún. Bí wọ́n bá sì borí ẹgbẹ́ rẹ̀, á na ọwọ́ sí ẹni tó borí rẹ̀, wọ́n á jọ mu omi. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun mẹ́ta. Èkínní ni tẹ́tẹ́. Bí a bá ti ń ta tẹ́tẹ́ lórí eré, ìfẹ́ ti jáde, ojúkòkòrò ló wọlé. Ẹ̀kejì ni ìjà. Pápá tí wọ́n ti ń fa aṣọ ya mọ́ adájọ́ eré lára kì í ṣe ibi ìsinmi mọ́. Ẹ̀kẹta ni ìpalára. Kí ọmọ máa na ara kó tó wọ pápá. Bó bá fẹsẹ̀ rọ́, kó jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ náà sókè, kí wọ́n fi omi dídì tí a fi aṣọ wé lé e fún bí 15 sí 20 ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi omi gbígbóná jó o, ẹ má sì wọ́ ọ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, nítorí èyí máa ń mú kó wú sí i. Bí kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ rárá, ilé ìwòsàn ló yá.

Kí ló dé tí ènìyàn fi ń dá wo sinimá?

Ẹni tó bá rò pé àṣà àjèjì ni kí ènìyàn dá wo fíìmù, kó gbọ́ bí sinimá ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1894, wọ́n ṣí ilé kan ní New York tí wọ́n kó ẹ̀rọ Thomas Edison sí. Àpótí ni ẹ̀rọ náà. Ènìyàn kan ṣoṣo ló lè tẹ̀ ba, kó fi ojú sí ihò orí rẹ̀, kó máa wo àwòrán tó ń rìn. Ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière tó fi àwòrán han èrò tó sanwó lára ògiri ní Grand Café ní Paris. Ènìyàn 33 péré ló sanwó wọlé, fáráǹkì kan lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, àti ìdáwò àti àjọwò, àgbà ni méjèèjì.

Ọmọ ìlú wa náà wà nínú ìtàn yìí. Àjàṣẹ́ níbí ni wọ́n ti bí Paulin Soumanou Vieyra ní ọdún 1925. Ó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Paris. Ní ọdún 1955, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fíìmù kan tí wọ́n pè ní Afrique-sur-Seine, nípa ìgbésí ayé àwọn ọmọ Áfíríkà ní Paris. Wọn kò rí àṣẹ gbà láti ya fíìmù nílé, ni wọ́n bá yà á níbi tí wọ́n wà. Ó di olóògbé ní ọdún 1987. Ọmọ tó bá ń wo fíìmù tó sì ń ronú lé e lórí kò ṣe ohun tí ìlú wa kò mọ̀.

Èrè wo ló wà nínú kí á dá lọ? Ẹ wo ilé wa. Ọmọ márùn-ún nínú yàrá kan, àlejò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, rédíò aládùúgbò, ariwo ayùn níbi iṣẹ́. Níbo ni ọ̀dọ́ ti fẹ́ gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń sọ? Nígbà tí a bá bá ọ̀rẹ́ lọ, bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, àwa náà á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ní kò dára, àwa náà á ní kò dára. Ẹni tó dá jókòó ní láti bi ara rẹ̀ pé: "Ọkùnrin inú fíìmù yìí, ṣé ohun tó ṣe fún aya rẹ̀ tọ́? Bó bá jẹ́ èmi ńkọ́?" Wákàtí méjì irú èyí nínú oṣù kò pọ̀ jù.

A kò ní gbogbo fíìmù ló dára o. Bàbá Mímọ́ Pius XI kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ sinimá ní ọdún 1936. Ó ní sinimá lágbára láti tún ìwà ṣe, ó sì lágbára láti bà á jẹ́, nítorí náà kí á máa yàn. Ìmọ̀ràn yìí wúlò lónìí ju ti ìgbà náà lọ, nígbà tí fíìmù ti wà lórí tẹlifóònù inú àpò ọmọ.

Ìdáwà yàtọ̀ sí ìfarapamọ́. Ẹni tó ń fara pamọ́ kì í sọ ibi tó ń lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ará ilé, ẹ sọ ìgbà tí ẹ óò dé. Bí ẹ bá sì dé, ẹ pe ìyá àti àwọn àbúrò jókòó, ẹ sọ ìtàn fíìmù náà fún wọn. Èyí tí ọmọ dá lọ wò, gbogbo ilé á jọ jẹ ẹ́. Ọkàn ìyá á sì balẹ̀.

Ta ló fọ aṣọ bọ́ọ̀lù náà?

Ó ku ìbéèrè kan, òun ló sì wúwo jù. Owó ọkọ̀ àti owó ìwọlé, kó wá láti inú owó ọmọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe láti inú owó ọbẹ̀. Èyí kò le. Ṣùgbọ́n aṣọ tó kún fún ẹrẹ̀ ní alẹ́ Sátidé, ta ló fọ̀ ọ́? Omi tó fi wẹ̀, ta ló pọn ọ́n? Oúnjẹ tó bá nílé nígbà tó ti sinimá dé, ta ló dáná rẹ̀? Bó bá jẹ́ ìyá tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ṣe gbogbo rẹ̀, a jẹ́ pé orí ẹ̀yìn wọn ló ti sinmi. Ìsinmi ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ di ẹrù ẹlòmíràn.

Ìyá ní ara, ara rẹ̀ náà ń fẹ́ ìsinmi. Ó lè máà gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rẹ́ tó fẹ́ bẹ̀ wò, ó ní ẹgbẹ́ tó fẹ́ bá kọrin, ó sì lè wù ú kó kàn dá jókòó sábẹ́ igi kí ẹnikẹ́ni má pè é. Kí ọmọ fọ aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí bàbá gba ọmọ kékeré mọ́ra fún ìrọ̀lẹ́ kan. Bí ọ̀sẹ̀ yìí bá jẹ́ ti ọmọ, kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ jẹ́ ti ìyá. Bí owó bá sì wà, kí káfíńtà wa ra ìwé ìwọlé méjì lọ́jọ́ kan, kó ní: "Ìyá mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ó dìgbà kan ná.