Ẹ Wo Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Ra Ayùn

Ayùn tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ dára fún páńẹ́ẹ̀bítà. Ó ń gé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara ọkọ̀ láìtẹ̀ ẹ́, ohun tí òòlù àti ṣísù kì í sábà ṣe. Ṣùgbọ́n ibi tówó wà kọ́ ni ayùn, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni. Nǹkan bíi 90 psi ni ayùn náà ń fẹ́ láìdáwọ́dúró. Tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá kéré, afẹ́fẹ́ á tán lẹ́nu iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì máa jẹ epo lásán. Ẹni tówó rẹ̀ kò bá tíì ká a, kó bá pẹ́ńtà inú ọgbà mẹkáníìkì kan náà ṣàdéhùn: kí wọ́n jọ máa lo kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, kí wọ́n jọ máa ra epo. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.