Ilẹ̀ Kò Pọ̀ Mọ́, Ẹ Jẹ́ Kí Ìtọ́jú Pọ̀



Ọ̀rọ̀ kan kì í tán ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: “Ilé ti jẹ oko tán. Kí ni a óò tún rí mú jáde nínú ìwọ̀nba ilẹ̀ tí ó kù?” Òtítọ́ ni pé ilẹ̀ kò pọ̀ mọ́ ní Alímọ̀ṣọ́. Nítorí èyí, àwọn mìíràn ti ń rò ó láti ta èyí tí ó kù, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá lè mú oko rẹ̀ gbòòrò, kí ó tún ìṣe rẹ̀ ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1907, àwọn àgbẹ̀ olóko kòkó ní Agége dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, olóògbé J. K. Coker ti Ifákọ̀ wà lára àwọn aṣáájú wọn. Àwọn alágbàṣe tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò mú owó nìkan lọ sílé. Wọ́n mú irúgbìn àti ìmọ̀ dání, kòkó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Láti ọdún 1922, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó láti kó ara wọn jọ, kí wọ́n máa kó kòkó tútù jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ 5 tàbí 6, kí wọ́n máa yí i, kí wọ́n tó sá a. Èyí kò gba ilẹ̀ tuntun, kò sì gba igi tuntun. Síbẹ̀, kòkó tí ó gbẹ dáadáa kò bá èyí tí ó bu dọ́gba lójú oníbàárà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀gẹ́ tiwa náà. Pulọ́ọ̀tì kan tí ó jẹ́ mítà 18 sí mítà 36 yóò gba nǹkan bí 648 ìdí ẹ̀gẹ́, bí a bá fi mítà kan, èyíinì ni ìṣísẹ̀ gígùn kan, sí àárín wọn ní gbogbo ọ̀nà. Bí a bá fi mítà kan àti ààbọ̀ sí àárín poro kan sí èkejì, 432 ni yóò gbà. Ìdí 216 ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ kò yí padà.

Bákan náà ni ti igi tí a ń gbìn. Ẹ má ṣe gé igi lára ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ ká kò tí ó sì ní àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àrùn náà ń bá igi lọ sínú oko tuntun. Ẹ sàmì sí èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá nígbà tí ewé ṣì wà lórí rẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò bá a lọ.

Àwọn kan yóò ní katakata àti owó yíyá ni àgbẹ̀ ń fẹ́. N kò kọ ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó tí a yá kò lè wo igi tí ó ti ní àrùn sàn, gbèsè ni yóò kù sí wa lọ́rùn.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ iye tí ẹ ná àti iye tí ẹ pa sí i, kí ọmọ yín tí ó mọ̀wé bá yín kọ ọ́ bí ó bá yẹ. Nínú rẹ̀ ni ẹ óò ti rí ohun tí ó ń mú èrè wá àti ohun tí ó ń jẹ owó ilé-ìwé ọmọ. Kí ẹgbẹ́ sì yan ẹnì kan tí yóò gbin pulọ́ọ̀tì àfihàn kan, kí gbogbo yín lè fojú rí i.

Àyípadà kan ṣoṣo ni kí ẹ mú ní àkókò òjò tí ń bọ̀. Bí ó bá yọrí sí rere, kí òmíràn tẹ̀ lé e. Kí oko má ṣe pa wá lẹ́kún o.