Ohun Tó Wà Lábẹ́ Yanrìn Àgbádárìgì Kì Í Ṣe Ìtàn Ọ̀bọ

Àwọn àgbà ló ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ kan ní etí òkun Gberefu, ní Àgbádárìgì, níbi tí èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ti ń tàkúrọ̀sọ. Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n kọ́ ọ nípa bí àwọn ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí wọ́n dé orí ẹ̀kọ́ náà, olùkọ́ wọn ní kí ẹni tí baba ńlá rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀bọ na ọwọ́ sókè. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣí ìwé sí orí mìíràn. Ọmọ náà ní ìbéèrè kan lọ́kàn, ó sì pa á mọ́nú: “Ta ló rí i?”

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ẹ̀rín kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Nínú omi tó wà níwájú wa lọ́jọ́ náà, àwọn ẹ̀dá wíńwíńní kan ń gbé tí wọn kò lágbára láti wẹ̀ takò ìṣàn omi. Ibi tí òkun bá gbé wọn ni wọ́n ń lọ. Plankton ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Kí ọ̀rọ̀ náà má dẹ́rù bà wá: ara èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú un, alárìnkiri ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí àwọn Gíríìkì bá ní alárìnkiri, ṣé àwa ni a kò ní? Aléfòó ni èmi ń pè wọ́n.

Lára àwọn aléfòó yìí ni foraminifera wà. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì tó mìlímítà kan. Síbẹ̀, ó ń fi èròjà bí ẹfun kọ́ ilé fún ara rẹ̀, yàrá kan tẹ̀lé òmíràn. Bí ó bá kú, ilé náà á rì sí ìsàlẹ̀ òkun, ẹrẹ̀ á bò ó, òmíràn á tún rì lé e lórí. Báyìí ni ìsàlẹ̀ òkun ṣe di ìwé. Níbi tí nǹkan kan kò bá ti dà á rú, ojú ewé ìsàlẹ̀ ló dàgbà jù.

Ìwé náà kò jìnnà sí wa. Ní Ewékorò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, àpáta tó jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ń fọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè ti Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà tẹ iṣẹ́ ńlá jáde lórí àpáta yìí àti àwọn òkú ẹ̀dá inú rẹ̀ ní ọdún 1977. Àwọn ìpele àpáta wọ̀nyí ń dà sísàlẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ sí gúúsù, títí yanrìn etíkun wa fi bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Kí ni ìwé òkun sọ? Ó sọ pé ní nǹkan bí 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, èyí tó pọ̀ jù nínú irú àwọn foraminifera aléfòó pa run. Láti ara ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ni àwọn irú tuntun sì ti jáde. Ní ọdún 1983, Malmgren, Berggren àti Lohmann ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí nínú ẹrẹ̀ tí a gbẹ́ jáde láti ìsàlẹ̀ Òkun Íńdíà. Wọ́n wọn ìrísí ìkarahun láti ìpele dé ìpele, wọ́n sì rí i pé Globorotalia plesiotumida di Globorotalia tumida láàárín nǹkan bí 600,000 ọdún. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lẹ́yìn náà, irú tuntun náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́ fún nǹkan bí 5 mílíọ̀nù ọdún, ó sì ń léfòó nínú òkun ilẹ̀ olóoru títí di òní. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí bí ìyípadà ṣe ń yára tó. Wọn kò jiyàn pé ó ṣẹlẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ epo. Nínú òkun tó kọjú sí Àgbádárìgì ni wọ́n ti rí epo Aje ní 1996, ọdún 2016 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tí Èkó fi di ìpínlẹ̀ elépo. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ kànga epo, àwọn onímọ̀ a máa fọ ẹrẹ̀ àti èérún àpáta tó jáde, wọn a sì fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wá àwọn aléfòó inú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ọjọ́ orí ìpele tí wọ́n dé. Bí a ti ń fi irú aṣọ tí àwọn ènìyàn wọ̀ mọ ìgbà tí a ya fọ́tò àtijọ́ ni. Bí aṣọ kò bá yí padà rí, kí ni a ó fi mọ ìgbà? Ẹni tó ń ná owó epo, tó sì ń fi ìyípadà ẹ̀dá ṣe yẹ̀yẹ́, èso igi ló ń jẹ tó ń bú gbòǹgbò rẹ̀.

Àwọn kan á ní ìgbàgbọ́ àwọn kò gbà á. N kò bá ẹnikẹ́ni du ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kò tilẹ̀ sọ pé ọ̀bọ òní ló bí ènìyàn. Ohun tó sọ ni pé àwa àti wọn jọ ní baba ńlá kan láyé àtijọ́. Ẹni tó bá fẹ́ takò ó, kí ó gbọ́ ọ tán ná. Ohun tí mo ń bá jà ni ẹ̀rín tí a fi ń dí ọmọ lẹ́nu.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ etíkun, ẹ fi ọ̀bọ sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí aléfòó, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ sọ ọ́ ní Ègùn, kí ọmọ fi èdè tó fi ń lálàá bi yín ní ìbéèrè. Bí ó bá wá béèrè pé ta ló rí i, ẹ na ọwọ́ sí òkun. Òun ló rí i, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa ni a kò tíì kà á.