"Á le tó bá ń rìn"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń dùn mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tí mẹ́káníìkì bá dá ọkọ̀ yín padà, tí ẹ tẹ bíréèkì tí ẹsẹ̀ yín kàn ń wọlẹ̀ lọ bí ìgbà téèyàn tẹ tìmùtìmù, tó wá ní "ẹ má mikàn, á le tó bá ń rìn", ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn kúrò níbẹ̀. Kò ní le. Ẹ lè wà á dé Èkó, kò ní le.

Ọkọ̀ màmá mi ni. Corolla àtijọ́ kan tó ti rí ayé. Táyà iwájú lápá ọ̀tún ń gbóná, ó ń rùn, ọkọ̀ sì ń fà sápá kan. Káálípà ló gan. Káálípà ni irin tó di páàdì mú, òun ló ń fún dísìkì pọ̀ tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Písítìnì inú tiwa ti dípẹtà, kì í padà sẹ́yìn mọ́. A ra tòkunbọ̀ ní Gate, n'Íbàdàn, mẹ́káníìkì kan bá wa dè é. Màmá mi tẹ bíréèkì, ó rọ̀. Ọ̀gá ní á le tó bá ń rìn. Màmá mi gbà á gbọ́, ó lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìbàdàn, ẹ mọ bí òkè ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, ó tẹ bíréèkì, kò sí nǹkan kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó mú, ó sì ku díẹ̀ báyìí kó wọnú Micra kan tó kó èrò níwájú ẹ̀. Nígbà tó délé, kò pariwo. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó sọ̀ kalẹ̀. Èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù. Màmá mi kì í dákẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò le láti yé èèyàn. Ẹ mú ṣìríǹjì, ẹ fa afẹ́fẹ́ sí i, ẹ fi ìka dí ẹnu ẹ̀, ẹ wá tì í. Ó ń wọlé, àbí? Ẹ fa omi sí i, ẹ tún tì í. Kò lọ síbì kankan. Bí ọ́ìlì bíréèkì náà ṣe rí nìyẹn: kò ṣeé fún pọ̀, torí ẹ̀ ni agbára ẹsẹ̀ yín fi ń dé ọ̀dọ̀ táyà. Tí ẹ bá tú káálípà, ẹ ti já rọ́bà ọ́ìlì nìyẹn, afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́. Látìgbà yẹn, afẹ́fẹ́ lẹ̀ ń tẹ̀. Ìrìn ọkọ̀ ò lè lé e jáde, àfi kéèyàn fà á jáde.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní bleeding nìyẹn, inú ọgbà ilé wa la sì ti ṣe é lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Màmá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìgbà wo lo di mẹ́káníìkì, ìwọ ọmọbìnrin yìí?" Mi ò dá a lóhùn.

A fi jáákì gbé ọkọ̀, a tú táyà, a fi irin ìdúró sábẹ́ ẹ̀ (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọkàn tán jáákì nìkan). Àbúrò mi wà nídìí pẹ́dà, èmi wà nídìí táyà pẹ̀lú sípánà. Nípù kékeré kan wà lára káálípà. Mo ki rọ́bà dírípù tó mọ́ gaara bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo ki ìdí kejì sínú ìgò tí mo ti bu ọ́ìlì bíréèkì díẹ̀ sí. Mo ní, "Tẹ̀ ẹ́!" Ó ní, "Mo ti tẹ̀ ẹ́." Mo tú nípù díẹ̀, ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ ń hó jáde. Mo dè é padà. Ìgbà yẹn ni mo tó ní, "Gbẹ́sẹ̀." Tó bá gbẹ́sẹ̀ kí n tó dè é, á tún fa afẹ́fẹ́ padà sínú, iṣẹ́ bàjẹ́.

Ó gbẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń wo fóònù. Mo fi sípánà hàn án, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ohun mìíràn tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa wò ni ike ọ́ìlì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbẹ pẹ́nrẹ́n nígbà tẹ́ ẹ ń fà á, afẹ́fẹ́ á gba òkè wọlé, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. A sì fi pákó kékeré kan sábẹ́ pẹ́dà kó má baà tẹ̀ dé ilẹ̀, torí pé ọkọ̀ tó ti pẹ́, rọ́bà inú master cylinder ẹ̀ lè fàya níbẹ̀.

Ìgò ọ́ìlì méjì lọ. Bíréèkì ṣì rọ̀.

Ẹ gbọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Òòrùn ti mú mi, ebi ń pa mí, ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu mi: bóyá á le tó bá ń rìn. Èmi tí mo ti bú ẹlòmíì nítorí ẹ̀.

Àbúrò mi ló bi mí pé, "Àǹtí mi, kí ló dé tí ihò tẹ́ ẹ ń tú yẹn fi wà nísàlẹ̀?" Mo wo apá òsì ọkọ̀. Òkè ni nípù tibẹ̀ wà. Ara mi bù máṣọ. Káálípà apá òsì ni wọ́n tà fún wa, òun la dè sápá ọ̀tún! Ó wọlé, bóòtù ẹ̀ bára mu, kò sóhun tó fi hàn, àfi pé nípù dojú kọlẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń gòkè ni. Tí ihò bá wà nísàlẹ̀, ọ́ìlì nìkan ni yóò máa jáde, afẹ́fẹ́ á jókòó sókè bí onílé. Ká fà á títí di ọ̀la, bákan náà ni.

Lọ́jọ́ Ajé a padà sí Gate, a jà díẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. A ra wáṣà bàbà tuntun tó máa ń wà níbi tí rọ́bà ọ́ìlì ti so mọ́ káálípà. A tún un fà. Kò tó ìgbà mẹ́wàá tó fi le bí òkúta.

Àwọn kan ti wà nínú DM mi pé, "Kí lo ò ṣe sanwó fẹ́ni tó mọṣẹ́?" A sanwó o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa náà: màmá mi ná owó iṣẹ́ yẹn títí ọkùnrin yẹn fi gba ìdajì, ọkọ̀ mẹ́ta míì wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é, kò sì sẹ́ni tó máa bá a tẹ pẹ́dà. Iṣẹ́ tó gba ẹni méjì àti sùúrù la fún ẹnì kan tó ń kánjú. Síbẹ̀, ó mọ̀ pé ó rọ̀. Kó sọ pé ó rọ̀, kó ní ká fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹ lè fi eré ṣe èésì tí ò tutù. Ẹ má fi bíréèkì ṣe é.

Mi ò ní kí gbogbo yín di mẹ́káníìkì. Tí afẹ́fẹ́ bá ti wọ inú ẹ̀rọ ABS, àwọn ọkọ̀ míì nílò kọ̀ǹpútà kó tó jáde, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní in. Àmọ́ gbogbo wa la lẹ́sẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ pa ọkọ̀, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ dúró lé e, ẹ ka oókan dé ọgbọ̀n. Tó bá ń wọlẹ̀ lọ, ẹ má gbé e. Tẹ́ ẹ bá wá tan ọkọ̀ tó wọlé díẹ̀ tó sì dúró, kò séwu, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń bu omi sínú ike ọ́ìlì bíréèkì, Ọlọ́run ń rí yín. 100°C lomi ń hó. DOT 3 tuntun, kò gbọ́dọ̀ hó kó tó dé 205°C. Omi tó bá hó nídìí táyà tó gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń dà, ẹ ti padà sídìí ṣìríǹjì nìyẹn. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Á wú rọ́bà inú ẹ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi.

Lánàá màmá mi ní kí n tẹ̀ lé òun jáde. Kò sọ ibi tá à ń lọ. Mápó ni. Ó tẹ bíréèkì lókè níbẹ̀ kó tó di pé ó yẹ, ó tún tẹ̀ ẹ́ láàárín, kò sì sọ nǹkan kan títí a fi dé ìsàlẹ̀. Ló bá ní ká yà ra àkàrà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí ní sípánà nọ́ńbà mélòó: mẹ́wàá ni tiwa. Ẹ wo ti ọkọ̀ yín.